Slay the Spire ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀: eré tí kì í rẹ́ni jẹ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Anthony Giovannetti àti Casey Yano, àwọn méjì tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kékeré Mega Crit sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé eré kọ̀ǹpútà wọn, Slay the Spire, sórí Steam, ọjà eré kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún títà nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí lórí rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2019 ni eré náà tó pé. Ẹ̀dà tí kò tíì pé yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tí ó mú kí eré yìí tayọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó tún àwòrán rẹ̀ yà, kí wọ́n sì tó fún un ní òpin tòótọ́.

Irú eré tí a ń pè ní roguelike ni. Láti ọdún 1980 tí eré Rogue ti jáde ni òfin méjì ti ń bá irú eré bẹ́ẹ̀ rìn: ọ̀nà tí a óò tọ̀ kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí a bá sì kú, a óò padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Nínú Slay the Spire, ilé gogoro kan ni à ń gùn láti yàrá dé yàrá, a ó sì máa yan ọ̀nà fúnra wa lórí máàpù, ṣùgbọ́n káàdì ni à ń fi jà. Jagunjagun tí ó ń jẹ́ Ironclad bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí 80 (iye tí lílù ọ̀tá ń dín kù títí yóò fi kú) àti káàdì mẹ́wàá péré: Strike márùn-ún tí ó fi ń lu ọ̀tá, Defend mẹ́rin tí ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, àti Bash kan tí ó ń mú kí lílù tí a bá tún lu ọ̀tá gba ẹ̀mí púpọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, káàdì márùn-ún yóò wọlé sí wa lọ́wọ́, agbára mẹ́ta ni a ó sì ní láti fi lò wọ́n. Ààbò tí a kò bá lò tán kò ní bá wa dé ìyípo tí ó kàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀dà yìí ni àmì kékeré tí ó máa ń wà lókè orí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan. Kí a tó fi káàdì kan ṣoṣo lélẹ̀ ni ọ̀tá ti jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ó fẹ́ lu wá, bóyá ó fẹ́ dáàbò bo ara rẹ̀, tàbí bóyá ó fẹ́ sọ wá di aláìlágbára. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ lu wá ni, iye ẹ̀mí tí yóò gbà lọ́wọ́ wa yóò hàn gbangba. Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí yóò mọ irú ìrònú tí èyí ń bí, nítorí pé gbogbo ọmọ ayò wà níta, ẹni tí ó bá sì kà wọ́n dáadáa ni yóò jẹ. Lóòótọ́, a kò mọ káàdì tí yóò wọlé tẹ̀ lé èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a lè ṣí òkìtì káàdì wò nígbàkúùgbà láti rí ohun tí ó kù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Slime Boss ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí a lè bá pàdé ní òpin ìpele àkọ́kọ́. Ẹ̀mí 140 ni ó ní. Bí ẹ̀mí náà bá ti dín dé ìdajì, yóò pín sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò sì ní iye ẹ̀mí tí ó kù lára rẹ̀ nígbà tí ó pín. Ẹni tí ó bá ń lù ú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku 69 ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá ọ̀tá méjì sílẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 69. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù dá a dúró sí 75, tí ó sì dúró de ìyípo tí àwọn káàdì rẹ̀ tí ó lágbára jù bá wọlé pọ̀, lè gba 40 lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì bá ọ̀tá méjì tí ẹ̀mí wọn jẹ́ 35 péré jà. Bí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ, pípín yẹn yóò tún bọ́ sí ìyípo tí ọ̀gá náà ti múra láti fi ìlù ńlá rẹ̀, tí ó ń gba ẹ̀mí 35, lù ú, ìlù náà kò sì ní wáyé mọ́. Kò sí ìwé ìlànà tí ó kọ́ wa ní ọgbọ́n yìí. Ìjà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ni.

Ọgbọ́n kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun ni kíkọ ẹ̀bùn. Lẹ́yìn ìjà tí a bá borí, eré náà yóò gbé káàdì mẹ́ta síwájú wa pé kí a mú ọ̀kan, ó sì tún fún wa láyè láti má mú ìkankan. Bí káàdì bá ti ń pọ̀ sí i ni èyí tí ó dára jù ń pẹ́ kí ó tó padà wọlé. Oníṣòwò tí à ń bá pàdé lójú ọ̀nà a máa gba owó wúrà 75 kí ó tó bá wa yọ káàdì kan ṣoṣo kúrò, iye náà a sì máa fi 25 lé sí i bí a bá tún padà wá. Síbẹ̀, ẹni tí káàdì rẹ̀ kéré tí ó sì kún fún ààbò nìkan yóò kan ìdààmú lọ́wọ́ Gremlin Nob, nítorí pé agbára ọ̀tá yìí ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí a bá lo káàdì Skill, irú èyí tí a kì í fi lu ọ̀tá, Defend sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn àléébù rẹ̀ hàn kedere. Ọ̀pọ̀ àwòrán orí káàdì jẹ́ èyí tí wọ́n yà ní kánjú láti fi di àyè mú. Ìtàn rẹ̀ kéré jù. Ó yẹ kí n mọ ìdí tí jagunjagun yìí fi ń gun ilé gogoro náà, eré kò sì sọ ọ́. Ìpele kẹrin àti ọ̀tá ìkẹyìn tí ó ń jẹ́ Corrupt Heart kò tíì sí níbẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́gun lẹ́yìn ìpele kẹta kò ní adùn tí ó tó làálàá rẹ̀. Jagunjagun méjì péré ni ó wà, Ironclad àti Silent. Ti jagunjagun méjì yìí kò dùn mí, nítorí Silent, ọdẹbìnrin tí ó ń fi oró pa ọ̀tá díẹ̀díẹ̀, ń béèrè ìrònú tí ó yàtọ̀ pátápátá: ààbò ni ó fi ń ra àkókò kí oró tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni mo yàn láàyò.

Àwọn méjèèjì tí wọ́n ṣe é kò fi àwọn tí wọ́n ti san owó sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni àtúnṣe ń jáde, wọ́n sì ń fi àkọsílẹ̀ eré tí àwọn ènìyàn ta wo káàdì tí a ń yàn jù àti èyí tí a ń kọ̀, kí wọ́n tó pinnu èyí tí wọ́n yóò fún lágbára tàbí èyí tí wọ́n yóò rẹ̀ sílẹ̀. Jagunjagun kẹta, Defect, dé kí eré náà tó pé. Ẹ̀kẹrin, Watcher, dé ní ọdún 2020.

Dọ́là 24.99 ni wọ́n ń ta á lẹ́yìn tí ó pé, kò sì nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Bí iná bá lọ láàárín ìjà, ẹnu ọ̀nà yàrá tí a wà ni yóò ti bá wa bẹ̀rẹ̀ padà, gígùn tí a ti gùn kò ní ṣòfò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí orí àwọn káàdì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Mo gba ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ràn pé kí ó mú Ironclad, ẹni tí ẹ̀mí mẹ́fà ń padà sí lára lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan.