Nationaal Archief ní Den Haag: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí fún ẹni tó ń tọpa ìdílé onílẹ̀ àtijọ́

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ìdílé onílẹ̀ kan ṣe gbilẹ̀ ní Holland láàárín ọdún 1200 sí 1500, Nationaal Archief ni mo máa kọ́kọ́ júwe fún un, ìyẹn ilé ìpamọ́ ìwé ti ìjọba Nẹ́dálándì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá ní ìlú Den Haag. Ìdílé Van Duvenvoorde ni mo fi dán iṣẹ́ wọn wò, nítorí pé ìtàn wọn gùn, ó sì lọ́jú pọ̀, ilé olódi wọn ní Voorschoten, láàárín Den Haag àti Leiden, sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọdún 1226 ni a kọ́kọ́ rí orúkọ ilé náà nínú ìwé. A kò tà á rí láti ìgbà náà. Ṣe ni wọ́n ń jogún rẹ̀ láti ìran dé ìran, nígbà mìíràn láti ọwọ́ obìnrin, títí ó fi di ti àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní 1960.

Ilẹ̀ ni kí olùwádìí máa tọ̀, kí ó má ṣe máa tọ orúkọ, nítorí pé láyé ìgbà náà orúkọ ni ó ń tẹ̀lé ilẹ̀. Ẹ̀ka ìdílé Van Wassenaer ni àwọn Van Duvenvoorde jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó máa jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tó kàn wọ́n. Nígbà tí ẹ̀ka kan láàárín wọn sì ní ilé olódi Polanen, nítòsí Monster, Van Polanen ni àwọn náà ń jẹ́. Ẹni tó bá tẹ orúkọ kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ ìwáǹkan yóò rò pé ìdílé náà ti kú tán, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, tí wọ́n sì ń lówó sí i, lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Níbí yìí ni ètò Nationaal Archief ti wúlò jù. Wọn kì í to ìwé ní orúkọ ìdílé. Ọ́fíìsì tó kọ ìwé náà ni wọ́n fi ń tò ó. Èyí lè rú ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa wá ìwé ìbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ yìí, ètò tó tọ́ nìyẹn.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n tọ́jú, ìwé àkọsílẹ̀ leen ni mo fẹ́ràn jù. Leen ni ilẹ̀ tí graaf, olórí Holland, fi lé ènìyàn lọ́wọ́ lórí ìbúra pé onítọ̀hún yóò jẹ́ olóòótọ́ sí i. Bí ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá kú, àrólé rẹ̀ ní láti wá búra tuntun láàárín ọdún kan àti ọjọ́ kan, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ olóògbé tí ó jogún ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àrólé bá jẹ́ obìnrin tàbí ọmọdé, ọkọ rẹ̀ tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò búra dípò rẹ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ ẹni náà pẹ̀lú. Nítorí náà, ikú kọ̀ọ̀kan ló ń bí àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ tò wọ́n jọ yóò rí bàbá, ọmọ, àna àti àbúrò bàbá, tipẹ́tipẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìwé ìrìbọmi.

Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gùn, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣòfò níbẹ̀. Iye morgen, ìwọ̀n ilẹ̀ àtijọ́, tí ilẹ̀ náà jẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀. Morgen kan ní agbègbè Rijnland tó nǹkan bí 8,500 mítà onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá a pààlà ní ìlà oòrùn àti ẹni tó bá a pààlà ní ìwọ̀ oòrùn máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fojú fo orúkọ àwọn aládùúgbò wọ̀nyí, nítorí pé bí orúkọ onílẹ̀ bá tilẹ̀ yí padà, àwọn ni yóò jẹ́rìí pé ilẹ̀ kan náà ni a ṣì ń sọ.

Ìwé ẹjọ́ ṣòro ju èyí lọ. Hof van Holland, ilé ẹjọ́ gíga Holland, bẹ̀rẹ̀ ní 1428, ọdún tí Jacoba van Beieren, obìnrin tó jẹ́ olórí Holland nígbà náà, bá Filips, dúkì Burgundy, ṣe àdéhùn ní Delft. Abẹ́ nọ́ńbà 3.03.01.01 ni ìwé rẹ̀ wà. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ogún, àwọn olùpẹ̀jọ́ máa ń to ìran wọn sẹ́yìn láti fi ìdí ẹ̀tọ́ wọn múlẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé leen. Ṣùgbọ́n olùpẹ̀jọ́ ń jà fún ara rẹ̀ ni, nítorí náà n kì í gba ìtàn ìran tó bá sọ nílé ẹjọ́ gbọ́ títí n ó fi rí ìwé ilẹ̀ tó gbè é lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkọ náà gba ìṣọ́ra. Lábẹ́ graaf àti ní Hof, ọjọ́ Àjíǹde ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù Kínní. Ìwé tí a kọ ní oṣù Kejì tí ó gbé ọdún 1350, ọdún 1351 tiwa ni. Bákan náà, orúkọ ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ ni wọ́n sábà máa fi ń dárúkọ ọjọ́: ọjọ́ Sint Maarten tìgbà òtútù ni ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè sọ pé ọmọ jogún kí bàbá tó kú.

Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, mo gbóríyìn fún wọn. A kì í sanwó kí a tó wọ yàrá ìkàwé, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n sì ń gbà kí a fi kọ̀wé, èyí tó tọ́ fún ìwé tí a kọ sórí awọ ẹran, tí ó ti lé ní 600 ọdún. Ìwé atọ́ka wọn wà lórí ìkànnì fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n èdè Dutch ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ náà sì ní láti di ohun tí ènìyàn kọ́. Fún ẹni tí kò tíì lè kà á, ìkànnì hogenda.nl, níbi tí àwọn olùfẹ́ ìtàn ìdílé ti kó àkọsílẹ̀ leen jọ ní ìlà tó ṣeé kà, ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé gan-an ní Den Haag.

Ibi tí gbogbo èyí ti dùn jù ni ọ̀rọ̀ Willem van Duvenvoorde, ọmọ àlè tó di akápò graaf, tó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ ní Holland kí ó tó kú ní 1353. Jan II van Polanen, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ra ìlú Breda àti ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ dúkì Brabant, agbègbè tó wà ní gúúsù Holland, ní 1350. Johanna van Polanen, ọmọ ìdílé kan náà tó jogún Breda, fẹ́ Engelbrecht I ti ìdílé Nassau ní 1403, bẹ́ẹ̀ ni Breda ṣe di ti ìdílé tí ọba Nẹ́dálándì òní ń jẹ orúkọ rẹ̀. Ìwé àwọn Nassau lórí ilẹ̀ wọ̀nyí, Nassause Domeinraad, wà nínú ilé kan náà ní Den Haag, nítorí náà kò sí ìdí fún olùwádìí láti fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè tẹ̀lé ilẹ̀ náà kọjá Holland.