Prósẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó ní gíráfíìsì nínú: èwo ló tọ́ sí overclock, èwo ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ó ṣeé overclock?" Ìyẹn ni pé, ṣé wọ́n lè tì í kó sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ? Èmi náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun yan ọjà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "RAM mélòó lẹ máa fi sí i?" Mi ò sọ pé gígábáìtì mélòó o. Ẹyọ mélòó ni mò ń bi wọ́n.

Gíráfíìsì ló ń ya àwòrán sójú síkírínì. Káàdì gíráfíìsì tó dá dúró ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀ lára. Gíráfíìsì inú prósẹ́sọ̀ kò ní. Inú RAM tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò ló ti ń bu tirẹ̀, òun àti prósẹ́sọ̀ ni wọ́n sì jọ ń du ọ̀nà kan náà. Ẹyọ RAM DDR4-3200 kan lè kó data tó tó gígábáìtì 25.6 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ki ẹyọ kejì tó jọ ọ́ bọ ihò tó yẹ, ó di 51.2. Nínú gbogbo overclock tí mo ti ṣe, mi ò tíì rí èyí tó sọ nǹkan di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi tò, Ryzen 3 2200G ni mo fi sí i, pẹ̀lú ẹyọ RAM 8 GB kan ṣoṣo. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ti gíráfíìsì rẹ̀ láti 1100 MHz lọ sí 1500. Mo fi 25 MHz kún un, mo tún un tàn, mo fi 25 mìíràn kún un. Géèmù bọ́ọ̀lù tí mo tìtorí rẹ̀ ń ṣe wàhálà ṣì ń wọ́ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo wá ra ẹyọ RAM kejì, mo dá gíráfíìsì padà sí 1100 láti dán an wò. Eré tó sá láìsí overclock ju èyí tó sá ní 1500 lọ. Bí alẹ́ mẹ́ta mi ṣe wọgbó nìyẹn.

Pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká to mẹ́rin síwájú ara wa. Core ni ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀, thread ni iye iṣẹ́ tí wọ́n lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, boost ni eré tó ń fúnra rẹ̀ sá kọjá eré ìpìlẹ̀ rẹ̀, socket ni irú ihò tó ń wọ̀, multiplier sì ni nọ́ńbà tó ń pinnu eré rẹ̀; bí wọ́n bá tì í pa, kò ṣeé overclock:

| | Athlon 3000G | Ryzen 3 3200G | Ryzen 5 5600G | Core i3-12100 |
|---|---|---|---|---|
| Ọdún tó jáde | 2019 | 2019 | 2021 | 2022 |
| Core / thread | 2 / 4 | 4 / 4 | 6 / 12 | 4 / 8 |
| Eré (GHz) | 3.5, kò ní boost | 3.6 dé 4.0 | 3.9 dé 4.4 | 3.3 dé 4.3 |
| Gíráfíìsì | Vega 3, 1100 MHz | Vega 8, 1250 MHz | Vega 7, 1900 MHz | UHD 730, 1400 MHz |
| RAM tí wọ́n kọ sí i | DDR4-2667 | DDR4-2933 | DDR4-3200 | DDR4-3200 tàbí DDR5-4800 |
| Socket | AM4 | AM4 | AM4 | LGA1700 |
| Multiplier | Ṣíṣí | Ṣíṣí | Ṣíṣí | Títì pa |

Athlon 3000G ni overclock máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Kò ní boost rárá: 3.5 GHz tó bá wá láti ilé iṣẹ́, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé e dé 3.9, èrè gidi ni, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó sì rí i bí ẹ bá ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. 35 W ni wọ́n kọ sí i lára, kì í tètè gbóná. Fún ẹni tó fẹ́ fi overclock kọ́ṣẹ́, òun ni mo máa ní kó fi ṣe é. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Athlon 200GE tó ṣáájú rẹ̀ ní 2018 o. Wọ́n ti multiplier ìyẹn láti ilé iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ géèmù lẹ ń wá, ẹ bá mi ṣírò. Vega 3 ní shader (àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú gíráfíìsì) 192, Vega 8 ní 512. Ká ní ẹ lọ́ Vega 3 lọ́rùn títí tó fi dé 1500 MHz: 192 lọ́nà 1.5 jẹ́ 288. Vega 8 tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, 512 lọ́nà 1.25, jẹ́ 640. Kò tiẹ̀ tó ìdajì rẹ̀. Overclock lè mú kí òṣìṣẹ́ tára ṣàṣà, kò lè bá yín gba òṣìṣẹ́ kún un. Ẹni tó bá ra Athlon pé òun máa fi BIOS (ojú ewé ètò tó ń ṣí kí Windows tó tàn) sọ ọ́ di Ryzen, ó ti ra ìbànújẹ́.

Ti Ryzen 3 3200G yàtọ̀. Láti ilé iṣẹ́ ló ti ń fúnra rẹ̀ sáré dé 4.0 GHz nígbà tí iṣẹ́ ò bá pọ̀. Bí ẹ bá wá fọwọ́ yín gbé gbogbo core mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 4.0, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ ó rí gbà, ẹ ó sì san gbogbo ẹ̀ padà nínú ooru. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ máa ń tẹ̀ lé eré rẹ̀, ṣùgbọ́n fóltéèjì ló ń dá a lóró jù, torí ẹ gbọ́dọ̀ fi fóltéèjì lọ́po ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ iye iná náà. Ẹ gbé e láti 3.6 GHz ní 1.25 V lọ sí 4.0 GHz ní 1.40 V: eré fi bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún lé, iná tó ń jẹ fi bí 39 lé. Fáànù kékeré tó bá a wá nínú páálí á bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Gíráfíìsì tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ rà á sì wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn core yẹn. Ooru tí wọ́n bá dá sílẹ̀, òun náà ló ń jẹ ẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé 95°C, prósẹ́sọ̀ á fúnra rẹ̀ dẹ eré, ẹ ó wá máa lọ́ra ju ẹni tí kò overclock rárá.

Lára 3200G, ẹ fi àwọn core sílẹ̀. Gíráfíìsì ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, lẹ́yìn tí RAM méjì bá ti wà nílẹ̀. Vega 8 kì í sábà janpata tó bá dé 1500 MHz, inú géèmù lẹ ó sì ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n ni 2200G tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ sí 3200G. Vega 8 kan náà ni, ó kàn ń lọ́ra díẹ̀ ni. Tókùnbọ̀ rẹ̀ máa ń dín owó. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ mọ̀ pé kò sí lára àwọn prósẹ́sọ̀ tí Microsoft gbà fún Windows 11. 3200G wà níbẹ̀. Fún èmi, ìyẹn nìkan ti parí ẹjọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn kan máa ń wo Ryzen 5 5600G, wọ́n á ní, "Vega 7 kẹ̀? Ó kéré sí Vega 8!" Nọ́ńbà yẹn ń tan èèyàn jẹ. Shader 448 ló ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n 1900 MHz ló ń sá: 448 lọ́nà 1.9 jẹ́ 851, ó ti gba iwájú 640 kọjá láìsí ẹni tó tì í. Core mẹ́fà tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba 2200 MHz lórí gíráfíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó dé yẹn, RAM ló ń fà á sẹ́yìn, kì í ṣe òun. Ẹni tó bá ní 5600G tó sì ní RAM 2400, kó má wulẹ̀ ṣí ojú ewé overclock nínú BIOS. RAM ni kó lọ pààrọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe lórí àwọn core tirẹ̀ ni pé mo ń fi Curve Optimizer, ètò kan nínú BIOS, dín fóltéèjì rẹ̀ kù. Ooru á wálẹ̀, boost á pẹ́ sí i lókè. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún ròyìn létí àwọn ọ̀rẹ́ tó ń du nọ́ńbà.

Ní ti Core i3-12100, overclock ò sí ńbẹ̀. Intel ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ̀yà tí lẹ́tà K wà lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ọjà olówó pọ́ọ́kú mọ́. Àwọn tó rántí Pentium G3258 ti 2014, tó ní core méjì péré tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olólùfẹ́ àtijọ́. Ká sọ òótọ́ ṣá, fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, core i3 yìí sáré ju ti 3200G lọ dáadáa. Gíráfíìsì rẹ̀ ni kò lè gbéná wojú Vega 8. Ẹni tó bá máa ra káàdì gíráfíìsì lọ́jọ́ iwájú lè mú un, òun tàbí 5600G. Ẹ kàn ṣọ́ra fún lẹ́tà: 12100F kò ní gíráfíìsì nínú rárá, Ryzen 5 5500 náà kò ní. Mo mọ ẹni tó ra 5500, tó ki wáyà bọ ihò HDMI ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì ń bínú sí síkírínì fún odindi ọ̀sán.

Motherboard, pátákó tí prósẹ́sọ̀ àti RAM ń wọ̀, ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí kòtò. A320 àti A520 kì í jẹ́ kẹ́ ẹ overclock prósẹ́sọ̀, bó ti wù kó ṣí tó. B450 ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta AMD òkè yìí (Athlon kan àti Ryzen méjì), tó sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ overclock wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 5600G ń fẹ́ BIOS tuntun lórí rẹ̀. B550 tuntun jù ú lọ, ṣùgbọ́n 3200G kò sí lára ohun tí AMD ní kó gbà. Fún i3, B660 tàbí B760 máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé RAM sókè; H610 kì í gbà.

Bí ọjà bá délé, ẹ ki RAM bọ ihò kejì àti ìkẹrin tẹ́ ẹ bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, lẹ́yìn náà ẹ tan XMP nínú BIOS, òun ló ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára. RAM tí wọ́n kọ 3200 sí lára lè máa sá ní 2133 láti ọdún tó kọjá láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo eré tí wọ́n kọ sí abẹ́ Memory. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gíráfíìsì kàn, 25 MHz sí 50 lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi géèmù tẹ́ ẹ máa ń gbá gan-an dán an wò fún wákàtí kan. Fóltéèjì SoC (ti apá prósẹ́sọ̀ tó ń bójú tó RAM) lórí AM4, èmi kì í jẹ́ kó kọjá 1.2 V. AMD ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wàrántì kò bo ohun tí overclock bá bà jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ti RAM kọjá agbára rẹ̀, síkírínì dúdú kirikiri, fáànù ń yí, kò sí nǹkan mìíràn. Mo yọ wáyà iná, mo fi ẹnu screwdriver kan àwọn pín-ìn CLR_CMOS méjèèjì (wọ́n ń dá ètò BIOS padà sí ti ilé iṣẹ́) pọ̀, mo ka ẹ̀wá, ó jí. Bí motherboard tẹ́ ẹ fẹ́ rà kò bá ní pín-ìn yẹn níbi tọ́wọ́ lè dé, bátìrì róbótó CR2032 ara rẹ̀ lẹ ó máa yọ.

Bó bá jẹ́ tókùnbọ̀ AM4 lẹ ń rà, ẹ yí ikùn prósẹ́sọ̀ náà sókè kẹ́ ẹ tó sanwó. Pín-ìn 1331 ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ dẹ ojú wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Èyí tó bá tẹ̀ máa yọjú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.