Ìbojú oníke mẹ́wàá tí mo rà: ìràwọ̀ mẹ́ta

Lóṣù tó kọjá ni mo ra páálí ìbojú oníke (face shield) kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mẹ́wàá ló wà nínú ẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ agbẹ̀bí ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, níhìn-ín ní Ypsilanti, ìpínlẹ̀ Michigan, mo bá kọ́kọ́ dé ọ̀kan lọ síbi iṣẹ́ òru.

Ike ẹ̀ mọ́ gaara, ooru ẹnu mi kò bò ó. Àmọ́ fóòmù ẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlà fún mi níwájú orí. Okùn rọ́bà méjì sì já lọ́wọ́ mi nígbà tí mo kàn ń yẹ̀ wọ́n wò.

Èyí tí Ford ṣe nígbà Kòrónà ni mo fi ń díwọ̀n ẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, rọ́bà ẹ̀ kò tíì dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ford yìí rán mi létí iléeṣẹ́ wọn àtijọ́ ní Willow Run, tí kò jìnnà sílé mi. Ibẹ̀ ni Ford ti ṣe ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù B-24 tó jẹ́ 8,685 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lọ́dún 1944, wákàtí kan, ọkọ̀ kan. Ìyẹn làwọn èèyàn máa ń ròyìn. Wọn kì í sọ pé oṣù kìíní 1941 ni Charles Sorensen, ọ̀gá níléeṣẹ́ Ford, ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níléeṣẹ́ Consolidated ní San Diego, àti pé títí wọ 1942 làwọn aráàlú ń fi orúkọ Willow Run ṣẹ̀fẹ̀ pé "Will It Run?" (ṣé ó máa ṣiṣẹ́?) Owó wà, irin wà, òṣìṣẹ́ wà, síbẹ̀ ó pẹ́ kó tó jọ nǹkan.

Ní 2020, níléeṣẹ́ Ford tó wà ní Rawsonville níbí kan náà, wọ́n ṣe 50,000 ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Iléeṣẹ́ Airon ní Florida ló ni àwòrán ẹ̀, bí B-24 ṣe jẹ́ ti Consolidated. Síbẹ̀, ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n tó parí ẹ̀. Mi ò bú wọn o, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ìbojú, tó jẹ́ ike, fóòmù àti rọ́bà lásán, oṣù kẹta ló ti ń jáde. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ dúró dìgbà tí àìsàn bá dé kí n tó máa wá a, ìdí nìyí tí mo fi ń rà á pa mọ́ báyìí tí ara le.

Ẹni tó tà á fún mi dá owó ìbojú méjì tó bà jẹ́ padà lọ́jọ́ kejì. Ìràwọ̀ méjì fún ike, ọ̀kan fún ìyẹn. Mo ti lẹ fóòmù mìíràn mọ́ mẹ́jọ tó kù, wọ́n ti wà nínú àpótí tó ń lọ sílé.