Ìkànnì dátà òjò tí ó ní kí n mú lẹ́tà wá: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀

Èsì kan tí mo rí gbà ni ó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ó wá láti ọ̀dọ̀ ìkànnì dátà ojú ọjọ́ kan tí àwọn yunifásítì Yúróòpù àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ dá sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé gbogbo ènìyàn ni ó wà fún. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mi má baà kó bá ẹnì kan tí ó ṣe wá lóore níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn alágbàdo ni mí ní Òkè-Ògùn. Ohun tí mo béèrè kò ju ìwọ̀n òjò ojoojúmọ́ lórí ilẹ̀ wa láti 1981 láti inú CHIRPS, àkójọ òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì àti òṣùwọ̀n ilẹ̀ ṣírò, kí a lè mọ ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí a sì mọ̀ bóyá àlàfo òjò inú oṣù Ògún ń gùn sí i. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka kan ní yunifásítì, kí ó ní òǹtẹ̀, kí n sì ṣàlàyé ìwúlò ìbéèrè mi fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì California ní Santa Barbara ni ó ṣe CHIRPS pẹ̀lú USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀, wọ́n sì ti yọwọ́ ẹ̀tọ́ wọn kúrò lórí rẹ̀ pátápátá: ẹnikẹ́ni lè gbà á, kí ó lò ó, kí ó tún pín in. Báwo ni alágbàtà ṣe wá ń béèrè òǹtẹ̀ lórí ohun tí olóko fi tọrẹ? Ẹni tí ó bá ní kí n lọ gbà á ní Santa Barbara tààrà kò purọ́, ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì ibẹ̀ ká odindi Áfíríkà tàbí ayé já, owó dátà tí a ń rà sórí fóònù kò sì lè gbé e. Kí ìkànnì yìí gé ti agbègbè ẹni jáde ni iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Mo kọ̀wé padà sí ọ̀gá tí ó fọwọ́ sí èsì náà. Ó dáhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìlànà ni." Mo bi í pé ìlànà ta ni. Ó ní ti àwọn tí ó ń fún àwọn lówó ni. Mo ní kí ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí, kò sì fèsì mọ́. Oṣù Ẹrẹ́nà ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá kí wọ́n ra irúgbìn.

Ẹni tí ó tú wa sílẹ̀ ni onímọ̀ ẹ̀rọ obìnrin kan ní ìkànnì náà, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ó pè mí lórí WhatsApp láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ fún mi ní orúkọ abúlé yín." Kí ilẹ̀ tó ṣú, fáìlì ti dé, kò sì tóbi ju àwòrán kan lọ. Ó wá béèrè bóyá a ní ìwé tí a ń kọ òjò sí. Bàbá Alága ní in: àràárọ̀ ni wọ́n ń ka òṣùwọ̀n òjò tó wà lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́, tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé. Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Ó to ìwé Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ CHIRPS, ó sì mú mi gba inú rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òjò oníjì bára mu dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Ògún, ọjọ́ tí Bàbá kọ mìlímítà 6, òdo ni CHIRPS kọ. "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá kò ṣì í kọ o." Ó ṣàlàyé pé sátẹ́láìtì tí CHIRPS gbára lé kì í rí òjò fúnra rẹ̀: bí orí ìkùukùu bá ṣe tutù tó, tí ó sì pẹ́ ní títutù tó, ni wọ́n fi ń ṣírò òjò, kí wọ́n tó fi ohun tí òṣùwọ̀n ilẹ̀ kà tún un ṣe. Ìkùukùu oṣù Ògún lọ́dọ̀ wa kì í sábà ga, orí rẹ̀ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń rọ òjò wẹliwẹli. Ó ní irú ìkùukùu yìí wà lára ohun tí DACCIWA, ìwádìí ńlá kan lórí ìkùukùu àti afẹ́fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wá wò ní 2016, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Kumasi, Ṣábẹ̀ẹ́ ìlú rẹ̀ àti Ilé-Ifẹ̀, tí ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta sì ń gbéra láti Lomé. Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ó hàn pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bí a bá ti gba òdo yẹn gbọ́, à bá ti sún àgbàdo kejì síwájú láìnídìí.

Ìgbà náà ni ìkànnì kọ̀wé fúnra rẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbogbo ìwé òjò Bàbá. A kó o fún wọn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo wá a lórí ìkànnì, àmì àgádágodo ni mo bá lára rẹ̀: "fún ọmọ ẹgbẹ́ ìwádìí nìkan". Bàbá kò lè rí òjò tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀n! Mo tún kọ̀wé, ọ̀gá àná ni ó dáhùn, ìlànà náà ni. Láti 2021 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ìlànà tuntun ní WMO, àjọ ojú ọjọ́ lágbàáyé, pé kí wọ́n máa fi dátà ojú ọjọ́ tó ṣe kókó ránṣẹ́ sí ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwé abúlé kan yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé níbi tí òṣùwọ̀n ilẹ̀ kò bá sí, kò sí ohun tí a ó fi tún ìṣirò sátẹ́láìtì ṣe. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ fún wọn ní ìwé òjò, kí ó kọ́kọ́ gba àdéhùn lákọsílẹ̀ pé yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ abúlé lára rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Obìnrin náà ni ó gba gbogbo rẹ̀ fún wọn.