Àwọn Afínkòkòrò Tí Mo Pè Sí Oko Àgbàdo Mi ní Kabba

Ní àsìkò òjò yìí, mo gba àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń fín oògùn kòkòrò kiri ilẹ̀ Òkun sí oko àgbàdo mi, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìyàrá. Wọ́n dé ní àkókò tí wọ́n dá, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, wọn kò da àjẹkù oògùn sí odò, wọn kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé owó tí a jọ fẹnu kò sí. Mo yìn wọ́n fún èyí.

Bí wọ́n ṣe fín oògùn náà ni ó dùn mí. Àmìwọ́ọ̀mù, ìdin tó ń jẹ àgbàdo, tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2016, inú ọkàn àgbàdo ni ó ń fara pamọ́ sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n fi oògùn kòkòrò tí à ń pè ní lambda-cyhalothrin rin láti ààlà dé ààlà, títí kan abẹ́ koríko etí oko.

Ṣáájú ìgbà náà, mo ti ri ife ike mọ́ àárín ebè, tí ẹnu wọn bá ilẹ̀ dọ́gba, àràárọ̀ ni mo sì ń bá kòkòrò dúdú dídán, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, nínú wọn. Kì í ṣe yímíyímí; ìdílé Carabidae ni, tí ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 30,000 láyé. Ọ̀pọ̀ wọn ń dọdẹ lóru, wọ́n ń jẹ ẹyin kòkòrò àti ìdin, àwọn mìíràn ń jẹ irúgbìn èpò, ọmọ wọn tó ń gbé inú ilẹ̀ pàápàá sì ń dọdẹ. Bí àmìwọ́ọ̀mù bá sì jẹun yó tán, inú ilẹ̀ kan náà ni ó ń wọ̀ lọ láti para dà.

Lẹ́yìn tí wọ́n fín oògùn, òkú àwọn ọdẹ yìí ni mo kó fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ife ṣófo. Nínú oko ẹ̀gẹ́ tí wọn kò fín, àwọn kòkòrò ọdẹ náà ṣì ń rìn.

Mo pe ọ̀gá wọn, mo fi hàn án. Ó ní, “Màmá, bí ilẹ̀ ò bá rin, oníbàárà ò ní gbà pé a ṣiṣẹ́.” Kò bá mi jiyàn. Nígbà tí wọ́n padà wá, ọkàn àgbàdo tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fín, oògùn tí wọ́n lò kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n, kí ó bá wọn rin ebè àkọ́kọ́, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ewé tí kòkòrò ti jẹ, kí ó sì sọ fún wọn kí wọ́n tó pò oògùn pé wọn kò gbọdọ̀ kan etí oko.