Àgbéyẹ̀wò Lubuntu 24.04 láti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2024, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi dúró sórí ìdá 42 nínú 100 bí a ti ń gbé Lubuntu, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí rẹ̀, kò lọ síwájú, kò sì ṣeé dá padà sẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí iṣẹ́ àṣekágbá wọn wà nínú rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá, wọn kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí, kì í ṣe bí ojú Lubuntu ṣe rí, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wò fúnra rẹ̀.

Nítòsí South Gate FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ni mo wà. A ń tẹ̀wé, a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a sì ń di ìwé. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni mo ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, RAM GB 2 péré ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Windows sì ti di ẹrù tí wọn kò lè rù mọ́: bí mo bá tan ọ̀kan láàárọ̀, mo lè gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán kí ó tó gbà kí n tẹ lẹ́tà kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ni ó sọ fún mi nípa Lubuntu, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé Ubuntu (irú Linux kan, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà), tí wọ́n dìídì ṣe kí ó fúyẹ́. Ó ní kí n má fi ẹ̀dà 22.04, ti oṣù kẹrin ọdún 2022, sí i, nítorí pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, ọdún méjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nínú tirẹ̀. Kí n dúró de 24.04. Ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní beta, ni a ó kọ́kọ́ fi sórí kọ̀ǹpútà kan ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, kí ojúlówó tó jáde ní ọjọ́ 25. Mo ti ra dátà sílẹ̀.

Nígbà tí ó ku ọ̀la, ìkéde jáde pé beta ti di ọjọ́ kọkànlá. Inú bí mi gan-an. N kò ka ìdí tí wọ́n fi sún un síwájú. Ibi tí mo ti rí ọjọ́ tuntun náà ni mo ti pa fóònù dé. Lójú mi, ọ̀rọ̀ télọ̀ ni: ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá òpópónà Ọba Adéṣidà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa fláàṣì dúdú kan yọ láti inú dúrọ́ọ̀.

"Mọ́mì, ta ni ó sọ fún yín pé kò tíì jáde? Òun nìyí. Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ṣé ojúlówó 24.04 ni?"

"Òun gan-an ni, mà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. N ó tẹ̀ lé yín dé ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti parí."

Ó yẹ kí n bi í bí ohun tí kò tíì jáde ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. N kò bi í. A jọ wọ takisí, èmi ni mo sanwó ẹni méjèèjì. Nígbà tí ó jókòó, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń ta ayò, kò ka ohunkóhun. Ó dé ibi tí Calamares, ètò tí ń gbé Lubuntu sórí kọ̀ǹpútà, ti ń béèrè bóyá kí òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ti wà níbẹ̀ ni, tàbí kí òun nu gbogbo dìsìkì náà. Mo na ìka sí i, mo ní, "Ẹnjiníà, ẹ dúró ná, iṣẹ́ àwọn ọmọ wà lórí D." Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í fọwọ́ kan D." Ó ti tẹ̀ ẹ́ kí ó tó pa ẹnu dé. Dìsìkì kan náà ni C àti D. Wọ́n jọ lọ ni. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ dé ìdá 42, tí ó sì dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó ń dúró sí. Ó ní iná ni kò dára. Jẹnẹrétọ̀ mi ni a ń lò, kò sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ní aago mẹ́fà, ó ní òun ń lọ ra nǹkan jẹ, ó fi fláàṣì rẹ̀ sílẹ̀ sára kọ̀ǹpútà, n kò sì fojú kàn án mọ́ títí di ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo lọ bá a, tí ó sọ fún mi pé owó tí mo san kò ṣeé dá padà, owó ọkọ̀ ni. Èmi tí mo sanwó takisí!

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta náà, méjì ti fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp tẹ́lẹ̀, a rí i gbà padà. Ẹnì kẹta, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ìwé tí ó fọwọ́ kọ ni ó gbé wá, mo sì ti tẹ orí kẹrin rẹ̀, tí ó kún fún tábìlì, tán. Òru méjì ni mo fi tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ.

Ìbínú ni mo gbé wọ ibi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni Lubuntu ti ń dá ènìyàn lóhùn lórí Telegram. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ìdádúró wọn ni ó tì mí sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Mo ń retí èébú. Ìbéèrè ni ẹnì kan fi dá mi lóhùn: kí ni orúkọ fáìlì inú fláàṣì náà gan-an, ṣé a sì ti wo oǹkà SHA256 rẹ̀, àmì tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ? Nígbà tí mo sọ pé noble-desktop-amd64.iso ni mo rí, ó ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èyí tí ẹ̀rọ ń kọ́ lójoojúmọ́ fún àwọn tí ń dánwò máa ń jẹ́. Kì í ṣe beta, kì í sì í ṣe ojúlówó. Ó ní kí a gbìyànjú láti da fáìlì náà kọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Kò ṣeé dà kọ dé òpin. Fláàṣì náà fúnra rẹ̀ ni ó ti ń kú.

Ẹni yẹn kan náà ni ó wá sọ ohun tí n kò kà fún mi. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Àjíǹde, Andres Freund, tí ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ètò ìkó-dátà-pamọ́ kan, ní Microsoft, kéde pé ẹnì kan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé, pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, ètò kékeré kan tí ń fún fáìlì pọ̀, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Linux ń lò. Ohun tí ó fu ú lára ni pé wíwọlé pẹ̀lú SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kì í ṣe àkókò tí èmi fi ń gbálẹ̀! Ẹni tí ó ṣe é, tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan, ti bá àwọn tí ń tọ́jú xz ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì títí wọ́n fi gbà á bí ọmọ ilé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nítorí èyí ni Ubuntu fi pinnu láti da gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ fún 24.04 láti ọjọ́ 26 oṣù kejì nù, kí wọ́n sì tún wọn kọ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kún un. Ojú tì mí, n kò ní purọ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, tí ó bọ́ sí ìsinmi ìtúnu ààwẹ̀, beta jáde. Ní òru ni a gbà á sílẹ̀, ó tó bíi GB 3, lẹ́yìn náà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka oǹkà SHA256 sókè bí olùkọ́ tí ń pe orúkọ ní kíláàsì, èmi sì ń fi ìka tọ tèmi lórí ojú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, títí a fi dé ìparí tí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Inú mi dùn bí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá ìwé ìṣirò ọdún mu. Kọ̀ǹpútà tí ó ti kú sórí ìdá 42 ni a lò. Àwọn olùyọ̀ǹda náà ní kí n kópa nínú ìdánwò: kí n fi sí i nípa nínu gbogbo dìsìkì, kí n tún fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mìíràn, kí n pín dìsìkì fúnra mi, kí n sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Èmi, aṣefọ́tòkọ́pì ní Àkúrẹ́! Mo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n sọ fún mi pé ní òpin ọdún 2017, wọ́n ní láti yọ Ubuntu 17.10 kúrò níbi tí a ti ń gbà á nítorí pé ó ń ba BIOS, ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà, jẹ́ lára àwọn kọ̀ǹpútà Lenovo kan, mo sì rí ìdí tí wọ́n fi ń da ara wọn láàmú bẹ́ẹ̀.

Ojúlówó jáde ní ọjọ́ 25 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ìdádúró beta kò sún un kúrò níbẹ̀. Báyìí, kí n tó mú ìgbálẹ̀ ni ó ti ṣí. Lábẹ́ Nàìjíríà, àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà níbẹ̀ tí a fi ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìwá a kiri, èyí sì ti mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ iṣẹ́ ní Yorùbá wá bá mi.

Ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tí ó tóbi jù tẹ ìwé kankan láti orí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò kọ ètò kankan fún Linux, nítorí náà fláàṣì ni mo fi ń gbé iṣẹ́ láti orí Lubuntu lọ sí orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí Windows ṣì wà lórí rẹ̀, oníbàárà a sì máa dúró wò mí bí ẹni ń pọn omi. Kọ̀ǹpútà Windows náà gan-an kò lè gba Lubuntu, nítorí pé ti bíìtì 32, irú ti àtijọ́, ni, wọ́n sì ti fi irú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn 18.10. Firefox máa ń pẹ́ kí ó tó ṣí ní ìgbà àkọ́kọ́ lórí RAM kékeré mi. Ẹ má sì ṣí ojú ewé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù kẹjọ, 24.04.1, àkójọ àtúnṣe àkọ́kọ́ fún 24.04, tún yẹ̀ láti ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 29 nítorí àṣìṣe tí wọ́n rí nínú bí ẹ̀dà àtijọ́ ṣe ń gòkè sí tuntun. Aládùúgbò mi tí ó ń lo 22.04 wá ráhùn sí mi létí. Mo ní kí ó jókòó, kí ó mu omi.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ó wà lórí Lubuntu nínú ṣọ́ọ̀bù mi, n kò sì ní yọ ọ́ kúrò lórí ìkankan. Mo fún un ní 3 nínú 5.