Ìkìlọ̀ fún onílé ní Ìlú Ọba: ẹni tó kan ilẹ̀kùn pé ṣímínì yín fẹ́ wó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ra ilé àtijọ́ ní England, pàápàá àwọn ilé ìṣáájú ọdún 1919 tí wọ́n kọ́ ní ògiri ti ògiri, ẹ ṣọ́ra o. Bí ìjì bá ti jà tán báyìí, àwọn gbájú-ẹ̀ oníṣímínì (ṣímínì ni ọwọ̀n bíríkì tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé) á jáde. Wọ́n á ní àwọn ń ṣiṣẹ́ nílé kejì, àwọn sì rí i pé bíríkì ti ń yẹ̀ lórí òrùlé yín. Ọ̀kan á gun àkàbà, á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò nínú fóònù. Ẹ ka iye ìkòkò amọ̀ tó wà lórí ṣímínì inú fọ́tò yẹn, kí ẹ wá bọ́ sí òdìkejì títì kí ẹ ka ti yín. Ó lè jẹ́ ilé onílé ni wọ́n ń fi hàn yín. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń fọwọ́ ara wọn tú bíríkì ọ̀hún.

£200 ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é. Tí wọ́n bá gòkè tán, ó lè di £2,500, owó ọwọ́, lónìí olónìí, wọ́n á sì ní kí àwọn fọkọ̀ gbé yín dé báǹkì. Ẹ má wọkọ̀ wọn.

Ohun tó ń gbè wọ́n ni pé ojú wa kì í tó òkè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àárín bíríkì. Láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń pò mọ́ iyanrìn, ni wọ́n sábà fi mọ àwọn ilé yẹn, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Láìmù rọ̀, ó sì ń mí. Omi tó bá wọ bíríkì á gba inú rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì líle dí i, omi á há sínú bíríkì. Tí òtútù bá sọ omi náà di yìnyín, á wú, ojú bíríkì á sì máa bó bí èèpo. Bó ṣe yẹ ni kí wọ́n ha èyí tó ti jẹrà kúrò, kó jìn tó mìlímítà 20 sí 25, kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀, kí wọ́n fi omi rin bíríkì, kí wọ́n tó fi láìmù dí i. NHL 3.5 tàbí NHL 5, orúkọ irú láìmù náà, ni wọ́n ń kọ sára àpò rẹ̀. Òṣùwọ̀n láìmù kan sí iyanrìn mẹ́ta. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ dé 5°C, kí wọ́n dúró. Oníjìbìtì kì í ha nǹkan kan. Á kàn fi sìmẹ́ńtì ra ojú rẹ̀ bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì.

Flashing náà ńkọ́, òjé tó wà níbi tí ṣímínì ti pàdé òrùlé? Code 4 (Code ló ń sọ bí òjé ṣe nípọn tó) ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀, ó nípọn tó mìlímítà 1.8, àmì búlúù ló sì ní. Wọ́n á ki etí rẹ̀ bọ àárín bíríkì ní mìlímítà 25. Kí ẹyọ kan má gùn ju mítà 1.5 lọ, torí oòrùn máa ń mú òjé nà, èyí tó bá gùn jù á ya. Téèpù aláwọ̀ fàdákà tí ọ̀dà dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀ ni gbájú-ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ yẹn, á máa dán. Kì í pẹ́ tí etí rẹ̀ fi máa ká sókè, tí omi á sì yọ lára ògiri yàrá.

Bí iṣẹ́ bá wà lóòótọ́, ẹ gba iye owó ní kíkọ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí irú láìmù àti Code òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè fọ́tò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ha á, àti nígbà tí wọ́n bá parí. Kí fọ́tò tó pé, ẹ má san owó tán. Ẹni tó bá ní àkàbà nìkan tó òun láti tún gbogbo orí ṣímínì ṣe, láìsí scaffolding, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọwọ́ kan á di àkàbà mú, èwo ló máa fi ha bíríkì?

Àdéhùn tí ẹ ṣe nílé yín, tówó rẹ̀ ju £42 lọ, ẹ sábà ní ọjọ́ 14 láti fagi lé e. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ lè san apá kan, tí wọ́n bá sì ti parí rẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn lè bọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kánjú. Fún iṣẹ́ játijàti, òfin Consumer Rights Act 2015 ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dín owó kù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fi káàdì kírẹ́díìtì san án, tí owó iṣẹ́ náà ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000, ẹ lè béèrè owó yín padà lọ́wọ́ báǹkì tó ni káàdì náà. Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, ló máa gbé ẹjọ́ yín dé ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn tó ń ṣọ́ oníṣòwò oníjìbìtì.

Èyí tó ń pani ni kí wọ́n dí ẹnu ìkòkò pa, tàbí kí bíríkì já sínú rẹ̀, nígbà tí iná gáàsì tàbí sítóòfù ṣì ń gba ibẹ̀ tú èéfín. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín yẹn, kò lóòórùn. Inú yàrá ló máa padà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gun ṣímínì yín láìpẹ́ yìí, ẹ má tanná sí i títí ẹni tó wà ní Gas Safe Register (ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tó ní àṣẹ), tàbí ti HETAS (àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ sítóòfù sílẹ̀) bó bá jẹ́ igi àti èédú, á fi yẹ̀ ẹ́ wò.